Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà ètò ìrìnnà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: Ẹ má jẹ́ kí ojú irin Kútọnu sí Parakou parẹ́

Sí Ọlọ́lá jù lọ, Mínísítà tó ń bójú tó ètò ìrìnnà,
Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀,
Kútọnu.

Ẹ̀yin Mínísítà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ọ̀rọ̀ ojú irin wa ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí pé gbogbo wa tí wọ́n bí sí etí ojú irin náà, láti Ouidah dé Parakou, àti àwọn ará wa ní Sakété àti Pobè, la jọ ń béèrè ìbéèrè kan náà láti ọjọ́ pípẹ́: ṣé ọkọ̀ ojú irin yóò tún rìn nílẹ̀ yìí, àbí kò ní rìn mọ́? Kò sí ìjọba tó sọ fún wa pé kò ní rìn mọ́, kò sì sí èyí tó sọ ọjọ́ tí yóò rìn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń ba dúkìá ìlú jẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi kò lọ́jú pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wá sílẹ̀ kí a máa retí ojú irin tuntun olówó gọbọi nígbà tí èyí tí a ní ń dípẹtà nínú igbó. Ẹ tún èyí tí a ní ṣe, ẹ fi ẹrù tó ń jáde láti oko wa bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí èrò rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

1. Ohun tí a ní kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọdún 1900 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí apá òkè, ọdún 1936 ló sì tó dé Parakou. Àwọn Faransé ló pàṣẹ, àmọ́ àwọn baba ńlá wa ni wọ́n kó lọ síbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tìfẹ́tìfẹ́ lọ. Àwọn ni wọ́n ṣán igbó, tí wọ́n ru òkúta, tí wọ́n tẹ́ irin. Láti Kútọnu dé Parakou jẹ́ kìlómítà 438. Ẹ̀ka kejì gba orí ọ̀sà Kútọnu kọjá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó gba Sakété lọ dé Pobè. Ẹ̀ka kẹta yà ní Pahou, ó gba Ouidah lọ dé Sègboroué. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sún mọ́ kìlómítà 580, ní orílẹ̀-èdè tí kò tóbi bíi tiwa. Ẹ wo àwọn ìlú tó so mọ́ra: Allada, Bohicon, Ìdáàṣà, Glazoué, Ṣábẹ̀ẹ́, Tchaourou. Bohicon tí gbogbo ayé ń ná ọjà rẹ̀ lónìí, ojú irin ló sọ ọ́ di ìlú ńlá.

Ẹni tó bá dé tèṣọ̀n Ṣábẹ̀ẹ́ báyìí yóò rí i pé koríko ti bo irin ní ibi púpọ̀. Àwọn obìnrin ń sá èlùbọ́ sórí pèpéle tí èrò ti máa ń dúró de ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé sìmẹ́ńtì ibẹ̀ máa ń gbóná dáadáa lọ́sàn-án, àwọn ewúrẹ́ sì ń sùn lábẹ́ òjìji ilé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. N kò bá àwọn obìnrin náà wí o. Ibi tí ẹni tó ni ín kò lò, ará àdúgbò yóò lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí tèṣọ̀n yẹn nígbà tó kún fún èrò àti ẹrù yóò mọ̀ pé ohun tí à ń pàdánù kì í ṣe irin nìkan.

2. Ẹ jẹ́ ká rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé, nítorí pé bí a kò bá rántí, a óò tún gba ọ̀nà kan náà. Ilé-iṣẹ́ OCBN, tí àwa àti Niger jọ dá sílẹ̀ ní 1959, ló ń bójú tó ojú irin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni ínjìnnì ń bàjẹ́ tí wọn kò rà òmíràn, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ gbèsè, tí ọkọ̀ èrò sì dáwọ́ dúró pátápátá kí ọkọ̀ ẹrù náà tó tẹ̀ lé e.

Ní 2010, wọ́n yan Petrolin, ilé-iṣẹ́ Samuel Dossou-Aworet tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, pé kó tún ojú irin náà ṣe, kó sì nà án dé Niamey, olú-ìlú Niger, gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ ńlá kan tó ní èbúté tuntun ní Sèmè àti èbúté orí ilẹ̀ ní Parakou nínú. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tiwa àti ti Niger tún yíjú sí ilé-iṣẹ́ Bolloré ti ilẹ̀ Faransé, tó fẹ́ fi ojú irin kan ṣoṣo so Kútọnu, Niamey, Ouagadougou àti Abidjan pọ̀. Ní Oṣù Kẹrin 2014, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Niamey. Nígbà tó fi di Oṣù Kìn-ín-ní 2016, irin ti dé Dosso, kìlómítà 140. Kìlómítà 140 yẹn kò so mọ́ ojú irin kankan títí di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kankan kò ṣiṣẹ́ déédéé lórí rẹ̀. Petrolin ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ nígbà náà. Ní Oṣù Kọkànlá 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Kútọnu pàṣẹ pé kí Bolloré dáwọ́ iṣẹ́ dúró nílẹ̀ wa. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2017, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Nígbà tó di Oṣù Kẹta 2018, Ààrẹ Patrice Talon sọ fún ìwé ìròyìn Faransé kan pé kí àwọn méjèèjì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, pé China ló ní owó àti ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà náà, Ẹ̀yin Mínísítà wa. Ní Oṣù Kejìlá 2022, Bolloré ta gbogbo iṣẹ́ ẹrù gbígbé rẹ̀ ní Áfíríkà fún MSC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ ojú irin wa ṣì wà níbi tí ẹjọ́ bá a. N kò kọ lẹ́tà yìí láti dá ẹjọ́ láàárín àwọn ọlọ́rọ̀ méjì. Ohun tó ń dun èmi ni pé nínú gbogbo àdéhùn wọ̀nyí, n kò gbọ́ ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni pe àwọn ará Ìdáàṣà tàbí Glazoué jọ láti bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ojú irin yìí ṣe fún wọn. Ààrẹ Boni Yayi, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àdéhùn náà ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, ọmọ Tchaourou ni, ìlú tí ojú irin náà gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ọmọ etí ojú irin bá wà lórí àlééfà tí ọkọ̀ kò sì rìn, a jẹ́ pé ọ̀nà tí à ń gbà ronú nípa ojú irin náà ni kò tọ́.

3. Kí ni kò tọ́ nínú rẹ̀? A ti ka ojú irin wa sí ọ̀nà ẹrù Niger nìkan. Ó ti pẹ́ tí èrò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, ìjọba amúnisìn dá ètò tí wọ́n pè ní Opération Hirondelle sílẹ̀: ọkọ̀ àjàgbé á kó ẹ̀pà láti Niger wá sí Parakou, ojú irin á sì gbà á níbẹ̀ lọ sí èbúté. Ètò náà ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ kí Parakou di ibi tí ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé. Láti ìgbà náà, gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa ojú irin wa, Niamey ni ojú wọn ń wò. Kò burú. Niger kò ní òkun, èbúté Kútọnu sì ń jẹ lára ẹrù rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Keje 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ECOWAS ti ẹnubodè pa. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tò gbọọrọ sí Malanville, ìlú wa tó wà ní ààlà Niger, alùbọ́sà rà nínú ọkọ̀, àwọn awakọ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní Oṣù Kejì 2024, ECOWAS gbé ìfìyàjẹni náà kúrò, àwa náà ṣí ẹnubodè tiwa, ṣùgbọ́n Niger kò ṣí tirẹ̀. Ká ní a ti ná owó rẹpẹtẹ sórí ojú irin tó jẹ́ pé ẹrù Niger nìkan ni yóò máa bọ́ ọ, ta ni ì bá san gbèsè náà?

N kò sọ pé ká pa Niger tì. Aládùúgbò kì í parẹ́, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ẹnubodè yóò ṣí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ojú irin wa lè fi ẹrù ilẹ̀ wa jẹun ní ọjọ́ tí ti Niger kò bá dé.

4. Ǹjẹ́ ẹrù ilẹ̀ wa pọ̀ tó? Ó pọ̀ tó, ẹ̀yin gan-an lẹ sì mú kó pọ̀ sí i. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń mú òwú jáde jù lọ ní Áfíríkà. Nínú ọdún oko 2021 sí 2022, ohun tí a kórè lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù, apá òkè, ní Alibori àti Borgou, ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti wá. Ìjọba dá ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Glo-Djigbé, kí a lè máa fi òwú wa hun aṣọ nílé, kí a máa fọ́ kajú wa nílé, kí a máa fún epo sóyà wa nílé. Láti Oṣù Kẹrin 2024, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó kajú tútù jáde nílẹ̀ yìí mọ́. Mo gbóríyìn fún yín lórí èyí, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí pé kajú pọ̀ lóko àwọn ènìyàn wa ní àgbègbè Collines. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí oko wà, kí ẹ sì wo ibi tí ilé-iṣẹ́ wà. Oko wà lókè, Glo-Djigbé wà nísàlẹ̀, láàárín Calavi àti Allada. Gbogbo ẹrù tí òfin yín ní kó lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn ní ọ̀nà kan náà tí ojú irin wa rìn, orí ọ̀dà ni gbogbo rẹ̀ sì ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe. Bí ínjìnnì kan bá fa wágọ́ọ̀nù 20, tí wágọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gbé 40 tọ́ọ̀nù, 800 tọ́ọ̀nù ni. Bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá gbé 30 tọ́ọ̀nù, ó máa gba ọkọ̀ 27, awakọ̀ 27, àti ọmọọṣẹ́ 27, kí ẹrù kan náà tó dé. Àwọn ọkọ̀ 27 yẹn ló ń fọ́ ọ̀nà Bohicon, àwọn ló ń wọ àárín Ìdáàṣà lóru, owó tí ìjọba sì fi ń tún ọ̀nà náà ṣe, owó orí wa ni. Kì í ṣe gbogbo ẹrù ni mo ní kó wọ ojú irin. Òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko yóò kọ́kọ́ gba ọ̀nà eruku lọ síbi tí wọ́n ti ń ya kóró kúrò lára rẹ̀, ọkọ̀ nìkan ló lè ṣe èyí. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti dì í ní Parakou, ní Glazoué tàbí ní Bohicon, tí ó ti di ẹrù wúwo tí kò tètè ń bàjẹ́ tó sì ń lọ síbì kan náà, ni ojú irin wúlò fún un. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá sì ń padà lọ sókè, kò yẹ kó lọ lófìfo: ajílẹ̀ wà ní èbúté tí àwọn àgbẹ̀ ń retí, sìmẹ́ńtì wà, ìrẹsì wà, epo wà. Ojú irin tó ń rí ẹrù gbé lọ tó sì ń rí gbé bọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé iṣẹ́ náà ti tóbi jù fún orílẹ̀-èdè kékeré, ẹ rán an létí ọ̀pá epo rọ̀bì tó ti Agadem ní Niger wá sí Sèmè. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 1,950, kìlómítà 675 nínú rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ tiwa. Ẹ gbọ́ o: ó gùn ju gbogbo ojú irin wa lápapọ̀ lọ. Láàárín ọdún díẹ̀ ni wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n jó o pọ̀, wọ́n sì bò ó. Ní Oṣù Karùn-ún 2024, ọkọ̀ òkun àkọ́kọ́ gba epo nídìí rẹ̀. Epo rọ̀bì rí kìlómítà 675 gbà láàárín ọdún díẹ̀. Àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ kò rí ẹni tó máa ro koríko kúrò lórí irin tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

5. Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ èrò. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ìṣirò yóò sọ fún yín pé ẹrù ló ń mówó wá, pé èrò kì í san tó. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ èrò tiwa nígbà ayé rẹ̀ kì í sáré rárá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Kútọnu láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó rí Parakou. Síbẹ̀ ó máa ń kún. Ìdí ni pé obìnrin tó ra iṣu lọ́jà Glazoué ní Ọjọ́rú lè kó o wọ inú rẹ̀, kó jókòó ti ẹrù rẹ̀, kó sì mọ iye tí yóò san kó tó kúrò nílé. Ní gbogbo tèṣọ̀n ni wọ́n ti ń na ẹ̀kọ, ẹyin sísè àti wàgáṣì sókè sí ojú fèrèsé, tí owó ń bọ́ sílẹ̀, tí ẹni tó ń tà sì ń bá ọkọ̀ sáré díẹ̀ kí ṣéńjì tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló fi ìyẹn tọ́ ọmọ. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ.

Lónìí, bọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń wọ̀, bọ́ọ̀sì náà sì ń bá ọkọ̀ àjàgbé du ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kìn-ín-ní 2023, bọ́ọ̀sì èrò kan àti ọkọ̀ àjàgbé forí sọ ara wọn ní agbègbè Ìdáàṣà. Àwọn tó kú lé ní 20. Gbogbo ilẹ̀ yìí ló sunkún, ìjọba náà kẹ́dùn pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti pàdé ara wọn, ojú irin wà nítòsí rẹ̀, tó dá páropáro. Mi ò lè sọ pé ká ní ọkọ̀ ojú irin ń rìn, ọ̀ràn náà kì bá ṣẹlẹ̀. Mo lè sọ pé bí a bá mú ìdajì ẹrù wúwo kúrò lójú ọ̀nà náà, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì lóru yóò pàdé ọkọ̀ àjàgbé díẹ̀. Ẹ sì rántí àwọn tó máa ń lọ sí ihò Arigbo ní Ìdáàṣà lóṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, tí èrò máa ń ya bí omi. Ọkọ̀ ojú irin mélòó kan ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan yóò gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, èyíkéyìí àdéhùn tí ẹ bá ṣe pẹ̀lú ẹnikẹ́ni lórí ẹrù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ láàárín Kútọnu àti Parakou ní iye ìgbà tí ẹ bá fẹnu kò sí lọ́sẹ̀. Bí kò bá sí nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní wà láéláé. Oníṣòwò tó gba ojú irin nítorí ẹrù kò ní ronú kan èrò bí òfin kò bá mú un.

6. Ẹ̀ka Àjàṣẹ́ sí Pobè ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun gan-an sì ni mo rò pé ó lè tètè so èso fún èrò. Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni ilé aṣòfin wà, àmọ́ Kútọnu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba àti òwò wà, kìlómítà bí 30 péré ló sì wà láàárín wọn. Ẹ dúró sí Sèmè ní aago méje àárọ̀ kí ẹ wo bí àwọn òṣìṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣòwò ṣe ń fún ara wọn mọ́ inú taksí àti sórí zémìjan, ìyẹn ọ̀kadà. Ojú irin kọjá láàárín wọn. Ní Senegal, ìjọba ṣí ọkọ̀ ojú irin TER láàárín Dakar àti Diamniadio ní òpin 2021, kìlómítà 36 sì ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Tiwọn jẹ́ tuntun, ó sì ná wọn lówó púpọ̀. N kò ní kí a ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ díẹ̀ tó mọ́, tó ń dé lásìkò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ti tó fún wa láti bẹ̀rẹ̀. Lókè Àjàṣẹ́, ní àgbègbè Pobè, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo wà, ẹrù rẹ̀ sì wúwo. Bí ojú irin bá sún díẹ̀ sí i láti Pobè, owó tí sìmẹ́ńtì bá mú wá yóò ran ọkọ̀ èrò lọ́wọ́.

7. Ọ̀rọ̀ fífẹ̀ irin. Tiwa jẹ́ mítà kan ní fífẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Togo, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ojú irin Abidjan sí Ouagadougou tó ń gbé ẹrù títí di òní. Àwọn kan ń gba ìjọba nímọ̀ràn pé ká pa á tì, ká ṣe èyí tó fẹ̀ ní 1,435 mìlímítà bíi ti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 157 tí Nàìjíríà ṣí ní 2021. Ó wuni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kenya: wọ́n yá owó lọ́wọ́ China, wọ́n ṣe ojú irin tuntun láti Mombasa dé Nairobi ní 2017, ó dé Naivasha ní 2019, títí di báyìí kò tíì dé ààlà Uganda tí wọ́n torí ẹrù rẹ̀ dáwọ́ lé e, gbèsè náà sì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n pọ̀ jù wá lọ, wọ́n sì lówó jù wá lọ. Bó bá jẹ́ àwa ni irú rẹ̀ bá, kí la óò fi san án? Ojú irin oní-mítà-kan tí wọ́n tún ṣe dáadáa, tí ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ láìyẹ̀ kúrò lójú irin, lè gbé gbogbo ẹrù tí a ní fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ń ṣèlérí fún yín pé ọkọ̀ ojú irin yóò ti Kútọnu wọ Èkó tààrà láìpẹ́, ẹ bi í léèrè bí yóò ṣe ṣe é, nítorí pé ojú irin àtijọ́ ti Nàìjíríà jẹ́ 1,067 mìlímítà, tuntun wọn jẹ́ 1,435, kò sì sí èyí tó bá tiwa mu nínú méjèèjì. Ní ààlà ni wọn yóò ti máa sọ ẹrù kalẹ̀.

8. Ilẹ̀ ojú irin ń lọ. Ní àwọn ibì kan, ìṣọ̀ àti ilé ti wà lórí ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ní àwọn ibòmíràn, àwọn olè ń tú irin tà. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá báyìí ń sọ iṣẹ́ àtúnṣe di ọ̀wọ́n sí i, àwọn tó bá sì fi owó wọn kọ́lé síbẹ̀ yóò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó o. Àìsọ̀rọ̀ ìjọba ló tàn wọ́n wọ ibẹ̀.

9. Nítorí náà, Ẹ̀yin Mínísítà wa, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Kí ẹ rán àwọn ẹnjiníà gba orí ojú irin náà kọjá láti Kútọnu dé Parakou àti láti Kútọnu dé Pobè, kí wọ́n kọ ipò tí afárá àti irin kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìwé náà jáde fún gbogbo ènìyàn. Kí ẹ fi òfin dá títa àti kíkọ́lé sórí ilẹ̀ ojú irin dúró láti òní lọ, kí ẹ sì fún àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ ní ibòmíràn kí ẹ tó lé wọn, nítorí pé àwọn kọ́ ló fa ìṣòro. Kí ẹ kéde bóyá gbogbo àdéhùn àtijọ́ ti parí, iye tí a jẹ àwọn tó ṣe é bí a bá jẹ wọ́n, kí àdéhùn tuntun èyíkéyìí sì dé iwájú àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí àwa náà lè kà á. Kí iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti Kútọnu dé Bohicon, kí ẹrù Glo-Djigbé sì máa rìn lórí rẹ̀ kí ẹ tó kọjá sí Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou, dípò kí ẹ máa dúró de ọjọ́ tí owó gbogbo rẹ̀ yóò pé lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó kù wà fún àwọn tó ti fi ara ṣiṣẹ́ náà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, àwọn tó ń ṣí ojú irin síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn tó ń fi ọwọ́ mọ irin tó fẹ́ dá kó tó dá, ti ń darúgbó, àwọn mìíràn ti kú. Ìmọ̀ tó wà lórí wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ wá wọn rí, ẹ san ohun tí ẹ bá jẹ wọ́n fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣì lè rìn dé ìdí ọkọ̀.

Mo ń retí ìdáhùn yín ní gbangba kí ọdún yìí tó parí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ọmọ bíbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń gbé ní Kútọnu.